Ìtọ́jú ọ̀dà ara ọkọ̀, kí ó má baà ṣá, kí ó má baà bó

Ọkọ̀ dúdú ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi. Àràárọ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́: bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, fóòmù kan, ẹ̀kúnwọ́ ọṣẹ ìfọṣọ kan. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí mo gbé e sábẹ́ iná ojú títì lálẹ́ ọjọ́ kan, tí mo sì rí i pé gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po bí òwú aláǹtakùn. Inú bí mi. Mo ní àwọn ọmọdé ló ń fi òkúta họ ọ́. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀ o. Èmi àti fóòmù mi ni.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpara olówó gọbọi. Ọ̀dà tí oòrùn bà jẹ́ wà, èyí tí ẹyẹ bà jẹ́ wà, a ó sì dé orí wọn. Àmọ́ lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù ni èyí tí ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ bà jẹ́ níbi tó ti rò pé òun ń ṣe ìmọ́tótó.

Irun orí nípọn jù ú lọ

Ohun tí à ń pè ní ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ìpele kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi bo irin kó má baà dípẹtà. Práímà ló tẹ̀ lé e. Àwọ̀ gan-an, ìbáà ṣe pupa, ìbáà ṣe búlúù, ló wà lórí práímà. Lórí àwọ̀ yẹn ni wọ́n wá fín ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ rárá sí, èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń pè ní kílíà. Kílíà ló ń dán tí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀. Òun ló ń jẹ ìyà oòrùn àti òjò. Nígbà tí ẹ bá sì gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, kílíà lẹ fọwọ́ kàn, kì í ṣe àwọ̀.

Tí wọ́n bá kó gbogbo ìpele yìí pọ̀, wọn kì í sábà ju 100 sí 150 micron lọ, 1,000 micron ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà nìkan, bíi 35 sí 50 ni. Ẹyọ irun orí kan tó bíi 70. Ẹ fa irun kan tu kí ẹ fi sáàárín ìka méjì, kí ẹ yí i wò: ohun tó ń bo àwọ̀ ọkọ̀ yín tín-ín-rín ju ìyẹn lọ.

Kì í sì í hù padà. Tí ìlà bá ti wọ inú rẹ̀, àfi ká gbà fún un, tàbí ká fá ìyókù kílíà tó wà láyìíká wálẹ̀ títí yóò fi bá ìdí ìlà náà dọ́gba. Ohun tí pọ́líìṣì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń dí ihò ni; rárá, fífá ló ń fá. Gbogbo ìgbà tí a bá ní kí wọ́n bá wa pọ́líìṣì ọkọ̀ kó dán, owó tí kò ní wọlé mọ́ là ń ná yẹn.

Kí omi tó kan ọkọ̀

Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì àti ọ̀kan sí i fún rímù, ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ onírun kan, ìbọ̀wọ́ mìíràn tó ti gbó fún rímù, ọṣẹ ìfọkọ̀, àti aṣọ ìnura microfiber (èyí tí irun rẹ̀ wẹ́ tó sì rọ̀) méjì tàbí mẹ́ta. Ohun gbogbo nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "ṣebí kó ṣáà ti mọ́."

Ojú fóòmù tẹ́jú. Bí yanrìn kan bá há sáàárín ojú yẹn àti ọ̀dà, kò ríbi lọ. Ẹ ó kàn máa tì í káàkiri lórí kílíà ni. Yanrìn sì le ju irin ara ọkọ̀ pàápàá lọ, ká má tíì wá sọ kílíà. Ìbọ̀wọ́ onírun ń fún yanrìn náà níbi tí yóò sá sí. Á rì sáàárín irun, á wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣàn án dànù sínú omi.

Ní ti ọṣẹ, èyí tí a fi ń fọ aṣọ àti èyí tí a fi ń fọ abọ́, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n ni pé kí wọ́n gé ọ̀rá. Wọn kò mọ̀ pé wax, ìpara tí ń dáàbò bo ọ̀dà, tí ẹ fi owó rà kì í ṣe ọ̀rá ọbẹ̀. Wọ́n á gé òun náà dànù. Rọ́bà àti oníke dúdú ara ọkọ̀ á gbẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ọṣẹ ìfọkọ̀ tí wọ́n kọ pH neutral sí lára (kì í ṣe ẹ́sídì, kì í ṣe álíkálì) kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́, yíyọ̀ yẹn sì wúlò, torí òun ló ń jẹ́ kí yanrìn rọra yọ́ kúrò lójú ọ̀dà kó tó họ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sábẹ́ ibòji kí ẹ dúró dìgbà tó bá tutù. Lórí irin gbígbóná, ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọ̀dà kí ẹ tó yíjú padà, omi á sì gbẹ síbẹ̀ ní tótòtó.

Fífọ̀ gan-an

Rímù àti táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ tiwọn. Eruku dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ rímù, irin wẹ́wẹ́ tó ń ta láti ara bíréèkì wà nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó bá ti kan ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ láé. Bí ẹ bá sì fi rímù ṣe ìkẹyìn, ìdọ̀tí rẹ̀ á ta sára ibi tí ẹ ti fọ̀ mọ́, ara ọkọ̀ á sì ti gbẹ kí ẹ tó parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi lásán ṣan gbogbo ọkọ̀ láti orí òrùlé wálẹ̀, láìfi ọwọ́ kàn án. Ẹ má kánjú níbí. Yanrìn tí omi bá gbé lọ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti họ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi alágbára lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí ọ̀dà tó 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, ẹ má sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí òkúta ti ta tàbí ibi tí ọ̀dà ti ń gbé etí sókè. Mo ti rí ibi tí omi ti bó ọ̀dà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kúrò lára bọ́ńpà bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nísinsìnyí, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ọ̀kan ní ọṣẹ, ọ̀kan ní omi lásán. Ẹ ki ìbọ̀wọ́ bọ inú ọṣẹ, ẹ fi fọ ibì kan, bí ìdajì òrùlé. Kí ẹ tó padà sínú ọṣẹ, ẹ kọ́kọ́ ki í bọ inú omi lásán, ẹ fọwọ́ ra á dáadáa, ẹ fún un. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó padà sí ọṣẹ. Bí ẹ bá parí, ẹ wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lásán yẹn. Yanrìn tí ẹ ó rí níbẹ̀, ara ọ̀dà yín ni ì bá padà sí. Àwọn kan máa ń fi àwọ̀n oníke sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kí yanrìn tó ti rì má baà tún gbéra sókè. Ó dára bí ẹ bá rí i.

Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa bọ̀: òrùlé, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, òkè ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà, tí ẹrẹ̀ pọ̀ jù sí. Ẹ má tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ má sì yí ọwọ́ po. Gbọọrọ ni kí ẹ máa fà á lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé fífà gbọọrọ kì í họ nǹkan o. Ìlà gbọọrọ kàn máa ń hàn láti apá kan ṣoṣo ni, nígbà tí èyí tó yí po máa ń hàn láti ibikíbi tí iná bá ti tàn sí i. Ẹ máa ṣan ibi tí ẹ bá ti fọ̀, kí ọṣẹ má gbẹ síbẹ̀.

Bí ìbọ̀wọ́ bá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú òmíràn. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ fọ èyí tó bọ́ náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn títí yóò fi dá yín lójú, kí ẹ sì tún fi ìṣẹ́jú kan kún un.

Nínù ló kù. Ẹni tó bá fi omi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀ á bá àmì róbótó-róbótó níbẹ̀, torí omi a máa lọ, calcium àti magnesium inú rẹ̀ a sì dúró. Ẹ yọ ẹnu kékeré orí rọ́bà omi, kí omi máa ṣàn wẹ́rẹ́ láti òkè wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú omi ara ọkọ̀ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ microfiber sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹní, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ rọra fà á bọ̀. Àwọn ibi tó kù, ẹ máa fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ra á. Ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ni aṣọ ìnukọ̀: òwú ìrán rẹ̀ le, bọ́tìnnì kan tí ẹ gbàgbé sì tó láti da gbogbo iṣẹ́ náà rú.

Aṣọ microfiber ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ òwú, torí yóò kó ìhùùhù aṣọ náà. Ẹ má fi ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sínú omi rẹ̀, nítorí yóò dí irun rẹ̀, kò sì ní fa omi mọ́. Ẹ má sì fi ooru gíga gbẹ ẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé létí òkun, tàbí níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, kó máa fọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa da omi sí abẹ́ ọkọ̀ náà.

Ohun tí kì í ṣe fífọ̀ ni fífi aṣọ gbígbẹ nu eruku nù. Bákan náà ni ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń gbá eruku ara ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ kìíní ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó fi ìka kọ "ẹ fọ̀ mí" sára ọkọ̀ eléruku, ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán. Ní ti ẹ̀rọ ìfọkọ̀ onírun gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń yí po, yanrìn ara ọkọ̀ tó ṣíwájú yín ló fi ń fọ tiyín. Èyí tó ń fi omi nìkan fọ̀ láìfara kàn án sàn jù ú lọ fíìfíì, bí kò tilẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ ẹyẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ẹ́sídì nínú, àmọ́ ẹ́sídì yẹn nìkan kọ́ ni ọ̀ràn. Bí oòrùn bá mú, kílíà á rọ̀, á sì fẹ̀. Ìgbẹ́ náà á gbẹ mọ́ ọn. Lálẹ́, kílíà á tutù, á súnkì, á sì fún mọ́ ìgbẹ́ tó ti le kanrangandan yìí. Bí ẹ bá wá yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó rí i pé ojú ibẹ̀ ti wọnú, àwòrán rẹ̀ ti wà lára ọ̀dà bí èdìdì. Láàárín wákàtí díẹ̀ péré nínú oòrùn líle, ó ti lè bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ náà ni kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ ra á, torí ẹyẹ ń jẹ hóró àti yanrìn, ó sì ń yà á jáde. Ẹ fi omi rin aṣọ tàbí ìwé ìnuwọ́ gbingbin, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e kúrò tòun tìgbẹ́, ẹ ṣan ojú ibẹ̀. Nínú búùtù tèmi, ike omi kékeré kan àti aṣọ microfiber méjì kì í kúrò níbẹ̀. Kòkòrò tó kú mọ́ iwájú bọ́ńpà náà, bákan náà ni kí ẹ ṣe é.

Oje igi yàtọ̀: omi kì í sábà ràn án tó bá ti gbẹ. Ẹ fi isopropyl alcohol, irú ọtí kẹ́míkà kan tó tètè ń gbẹ, díẹ̀ sára microfiber, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú oje náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó rọ̀, kí ẹ wá rọra nù ún. Ẹ má fi èékánná họ ọ́. Alcohol yìí á kó wax ibẹ̀ lọ, ẹ tún fi wax pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Epo bẹntiróòlù tó dà sílẹ̀ létí ẹnu táǹkì, omi ọṣẹ lójú ẹsẹ̀ ti tó. Òróró bíréèkì ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó máa ń jẹ ọ̀dà dénú. Bó bá ta sí ara ọkọ̀, ẹ má nù ún, torí ẹ ó kàn tẹ́ ẹ fẹ̀ ni. Omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà lé e láìdúró.

Àmì omi róbótó-róbótó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí fífọ̀ kò bá ràn án, ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìdọ́gba, ẹ fi aṣọ pa á síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Èyí tí fínígà kò bá mú kúrò ti wọnú kílíà, pọ́líìṣì ló kù fún un.

Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dán an wò

Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ ọkọ̀ tán tó sì gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rọra fi ìka gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá. Ó máa yà yín lẹ́nu. Ibi tí ojú ń wò pé ó mọ́ á máa ṣe ṣákaṣàka lábẹ́ ìka bíi pé wọ́n wọ́n gààrí sí i. Irin wẹ́wẹ́, ọ̀dà tí afẹ́fẹ́ gbé wá, èérí ojú títì tó ti rì mọ́ kílíà ni. Ọṣẹ kì í yọ wọ́n.

Amọ̀ ìfọkọ̀, tí wọ́n ń tà ní clay bar, ló ń yọ wọ́n. Ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ fín omi tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ tó bá a wá sí ojú ibì kan tó tó ìwé ìròyìn tí a tẹ́, kí ẹ wá máa fa amọ̀ náà lọ fa á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ á máa há lọ́wọ́ yín, á sì máa dún. Bó bá ti ń yọ̀ geere tí kò dún mọ́, ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ wo ojú amọ̀ náà, ẹ ó rí i tó ti dúdú. Ẹ ṣẹ́ ẹ po kí ojú tuntun jáde.

Bó bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ó dùn mí nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni, mo sì gbìyànjú láti ṣa yanrìn ara rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó fi sára ilẹ̀kùn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Amọ̀ yìí fúnra rẹ̀ lè fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Bí ìka inú ọ̀rá bá sọ pé ó ń dán, ẹ fi í sílẹ̀.

Pọ́líìṣì: bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí ara ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Bí òwú aláǹtakùn tí mo sọ bá wà níbẹ̀, tí ó sì ń dà yín láàmú, pọ́líìṣì lè yọ ọ́. Bí ẹ bá fi èékánná gba orí ìlà kan kọjá tó há sí i, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀: ó ti jìn jù, fífá a tán léwu fún kílíà.

Ọ̀nà tó rọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ wá ibì kékeré kan tí kò hàn, ẹ lo pọ́líìṣì tó fẹ́lẹ́ jù lọ àti fóòmù tó rọ̀ jù lọ, ẹ wò ó. Bó bá tó, ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí compound, pọ́líìṣì tó le jù, tó rí bí iyẹ̀pẹ̀ tútù lọ́wọ́, torí ó tètè ń mú nǹkan dán. Ó tètè ń jẹ kílíà náà. Ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ ń yí tó sì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà ló dára fún ẹni tí kò mọṣẹ́. Èyí tó ń yí nìkan a máa gbóná, ó sì lè jó ọ̀dà lójú kan náà. Ẹ ṣọ́ra fún etí ilẹ̀kùn àti ibi tí irin ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ẹ fi tépù bò wọ́n.

Nígbà mìíràn ọkọ̀ á dán bíi dígí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ìlà rẹ̀ á sì padà wá lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta. Òróró ni wọ́n fi dí i, wọn kò fá nǹkan kan. Ẹ fi alcohol tí ẹ ti bù omi sí nu ojú kan kí ẹ tó sanwó, òtítọ́ á jáde. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn máa ń júwe ńkọ́? Ó ń fá nǹkan lóòótọ́, àmọ́ ehín ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀dà tí kì í dán, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ rí pọ́líìṣì tàbí wax láéláé. Ibi tí ẹ bá fọwọ́ kàn á máa dán láàárín ìyókù, kò sì sí àtúnṣe àfi ká tún un kùn.

Ohun tí a fi ń bò ó

Wax àtijọ́ ni carnauba, ìda tó ń jáde lára ewé ọ̀pẹ kan ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Brazil. Ó lẹ́wà lára ọkọ̀ dúdú àti pupa, kò sí irú rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí bí oṣù méjì. Sealant, tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, máa ń tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ bi mí léèrè, sealant ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò fẹ́ fi ìtọ́jú ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ ìkejì.

Bí a ṣe ń fi pa ọkọ̀ rọrùn, síbẹ̀ ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kó gbẹ, kó tutù. Ẹ bu díẹ̀, díẹ̀ gidi, sára fóòmù pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ títí ẹ ò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Èyí tó bá nípọn kò dáàbò bo nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò kàn ṣòro láti nù ni. Ẹ dúró fún àkókò tí wọ́n kọ sára agolo, tí ojú rẹ̀ á fi ṣú bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí, kí ẹ wá fi microfiber tó mọ́ nù ún kúrò. Ẹ má jẹ́ kó kan oníke dúdú, torí yóò fi funfun síbẹ̀ tí kò ní fẹ́ lọ.

Ẹ ó mọ̀ bó bá ti tán: omi tí ń ṣù róbótó tó ń yí lọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ceramic coating, ohun olómi tí wọ́n ń fi pa kílíà tó sì ń le mọ́ ọn, le ju wọn lọ, ó sì lè lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi sí i dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ń tà á máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ìhámọ́ra ni. Kì í dá òkúta dúró. Ìfọ̀ burúkú á họ ọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ìdọ̀tí kì í lẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́míkà kì í tètè ràn án, fífọ̀ sì rọrùn. Ìlà yòówù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí tí yóò fi kúrò, nítorí náà pọ́líìṣì ló ń ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn náà alcohol láti nu òróró kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ibì kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì nu àṣẹ́kù kíákíá. Èyí tó bá gbẹ síbẹ̀ láìnù, pọ́líìṣì nìkan ló ń yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ òkúta ojú títì lẹ ń sá fún, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ló lè gbà yín. Wọ́n ń pè é ní PPF, ó sì nípọn ju gbogbo ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ó wọ́n. Kì í ṣe dandan láti fi bo gbogbo ọkọ̀. Iwájú bọ́ńpà, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ ni òkúta ń bá jà jù.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ dúró, ó kéré tán oṣù kan, òmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi ẹni tó kùn ún. Ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà ṣì ń bá afẹ́fẹ́ jáde lára rẹ̀, wax á sì sé e mọ́. Ọkọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ kò nílò èyí, torí inú ààrò gbígbóná ni wọ́n ti yan ọ̀dà tirẹ̀.

Ibi tí ọkọ̀ ń sùn

Ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí ló ń pa kílíà. Òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, torí àwọn ló dojú kọ ọ̀run. Á kọ́kọ́ ṣú, á wá ní àbàwọ́n funfun, lẹ́yìn náà á máa bó bí awọ ara ẹni tí oòrùn jó. Bó bá ti ń bó, kò sí wax tàbí pọ́líìṣì tó lè ṣe é mọ́. Àtúnkùn ló kù. Òrùlé ilé ọkọ̀ ló dára jù. Abẹ́ igi ń fúnni ní ibòji, ó sì ń fúnni ní oje àti ẹyẹ. Bí mo bá ní láti mú ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí lọ́sàn-án ni n ó mú.

Aṣọ ìbokọ̀ dára bí ọkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá mọ́. Lórí ọkọ̀ eléruku, gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, sáńpépà ni. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ẹ rà. Tapólì á sé ọ̀rinrin mọ́ inú, ọ̀rinrin yẹn á sì ba ọ̀dà jẹ́ níbi tí ẹ ti rò pé ẹ gbà á là.

Bí òkúta bá ti ta á

Ojú kékeré tí òkúta ta sí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í dúró ní kékeré bí irin bá ti hàn. Ìpẹtà á gba abẹ́ ọ̀dà lọ, á máa gbé e sókè. Ẹ wo inú férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, níbẹ̀ ni nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ sábà máa ń wà. Òun ni kí ẹ fi ra ìgò kékeré ọ̀dà ìtúnṣe. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi alcohol nù ún, kó gbẹ. Bí ìpẹtà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ họ ọ́ kúrò kí ẹ sì fi práímà sí i.

Búrọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ìgò náà tóbi jù. Ṣóńṣó igi ìtayín ni mo máa ń lò: mo ki í bọ inú ọ̀dà, mo jẹ́ kí ẹ̀kán kan péré bọ́ sínú ihò náà, kó tàn fúnra rẹ̀. Ó máa wọnú díẹ̀ bó bá gbẹ. Ẹ dúró dìgbà náà, kí ẹ tún kán òmíràn sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà kílíà. Bí ẹ bá dà á kún un lẹ́ẹ̀kan, á yọ gọngọ bí oówo, ẹ ó sì máa rí i lójoojúmọ́ ju bí ẹ ti rí ihò náà lọ. Ẹ má fi wax kàn án fún oṣù kan.